Kí A Tó Pe Ìkòkò Ẹlòmíràn Ní Hàráàmù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó ṣe ohun dáradára ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí ó sì ṣe ohun burúkú ní èèwọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè kéré lójú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Ó dá lórí omi dúdú oníyọ̀ tí a ń pè ní sọ́ọ̀sì sóyà, àti ẹran tí a ń rẹ sínú rẹ̀ kí a tó yan án. Ṣùgbọ́n ohun kékeré yìí ti mú kí a da oúnjẹ nù láàárín wa, ó sì ti mú kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa kó ìkòkò rẹ̀ kúrò ní ilé ìdáná mọ́sálásí. Èmi pàápàá ní ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní àwẹ̀ Rámádánì tí ó kọjá, ìyá yìí gbé itan adìẹ yíyan wá fún ìṣínu, àwo ńlá méjì. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Ìlú Ọba níhìn-ín sáré sí i ju ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a kírun tán tí a jókòó ti oúnjẹ, arákùnrin kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa bi ìyá náà léèrè ohun tí ó mú kí ẹran náà dúdú bẹ́ẹ̀. Ìyá dáhùn pé, "Sọ́ọ̀sì sóyà ni mo fi rẹ ẹ́, ọmọ mi." Arákùnrin náà gbé ohùn sókè pé ọtí ń bẹ nínú sọ́ọ̀sì sóyà, àti pé hàráàmù ni. Kíá ni àwọn ènìyàn ti àwo wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan gba ẹran lọ́wọ́ ọmọ wọn. Kí a tó kí ìrun Iṣái, gbogbo ẹran náà ti wà nínú àpò ìdalẹ̀nù.

Ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ní kí a fi í sílẹ̀ ná, nítorí pé ohun tí ó bá ń kọ ènìyàn lóminú, yíyẹra fún un ni ó dára jù. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọ̀rọ̀ olùbẹ̀rù Ọlọ́hun létí àwọn tí ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìgò tí ìyá lò. N kò béèrè rẹ̀. Mo fi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun bo àìmọ̀ mi mọ́lẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èmi àti ìyàwó mi lọ kí ìyá nílé. Ó gbé ìgò náà wá, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Èròjà mẹ́rin péré ni a kọ sí ara rẹ̀: omi, ẹ̀wà sóyà, àlìkámà, iyọ̀. Ìyá wí pé, "Ààfáà, mo ti ka ìwé ara rẹ̀ kí n tó rà á. Kò sí ẹni tí ó bi mí." Gbólóhùn yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú ìgò náà dáadáa, kí ẹni tí yóò bá ṣe ìdájọ́ lè ṣe é pẹ̀lú ìmọ̀.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti ayébáyé, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé Japan, Korea, Indonesia àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. A ó se ẹ̀wà sóyà, a ó yan àlìkámà, a ó lọ àlìkámà náà fọ́, a ó sì pò wọ́n pọ̀. A ó wá jẹ́ kí irúfẹ́ ebu kan, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Aspergillus oryzae, hù lé wọn lórí fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni a ó kó gbogbo rẹ̀ sínú omi iyọ̀, tí yóò sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú oṣù wọ̀nyí ni ẹ̀wà náà ń yòrò, tí adùn rẹ̀ ń jáde. Ní àkókò kan náà, íìsì ń sọ díẹ̀ nínú ṣúgà tí ó ti inú àlìkámà wá di ọtí. Nígbà tí ó bá tó, a ó fún un, a ó gbé e kaná, a ó sì rọ ọ́ sínú ìgò. Iye ọtí tí ó máa ń wà nínú irú sọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lè tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Iyọ̀ inú rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń ṣe irú nílé wa kò ní ya ẹnu sí èyí. Àwa náà a máa se igbá títí yóò fi rọ̀, a ó fọ èèpo rẹ̀ kúrò, a ó bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì yí padà kí ó tó di ohun tí ń mú ọbẹ̀ dùn. Àwọn tí ń ṣe irú lónìí a tilẹ̀ máa fi ẹ̀wà sóyà ṣe é. A máa ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí a tó lọ̀ ọ́ fún ògì, omidùn orí rẹ̀ a sì kan. Búrẹ́dì tí íìsì mú wú náà ń ní ọtí díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun rẹ̀ kí ó tó wọ inú ààrò. Èso tí ó pọ́n jù kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì gbọ́ pé ẹnìkan nínú wa pe ògì ní hàráàmù.

Bí ẹnìkan bá wí pé ẹmu náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn pò, tí ó kàn kan fúnra rẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹmu a máa pa ènìyàn, torí ìyẹn ni àwọn tí ń mu ún sì ṣe ń mu ún. Ibí yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani bí ọtí, díẹ̀ rẹ̀ pàápàá jẹ́ èèwọ̀. Àwọn kan ń fi ẹ̀kọ́ yìí gbá sọ́ọ̀sì sóyà mú, wọn kò sì wo apá àkọ́kọ́ rẹ̀. Ta ni yóò mu sọ́ọ̀sì sóyà púpọ̀ títí yóò fi pa á bí ọtí? Iyọ̀ inú rẹ̀ yóò ti gbé e dé ilé ìwòsàn kí orí rẹ̀ tó yí. Ohun tí púpọ̀ rẹ̀ kò pani, a kò lè fi hádíìsì yẹn ka díẹ̀ rẹ̀ léèwọ̀.

Ẹ wo ìgbésí ayé Ànábì fúnra rẹ̀. Ó wà nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé a máa ń rẹ èso àjàrà gbígbẹ sínú omi fún un, yóò sì máa mu omi náà di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Bí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà, kì í mu ún mọ́. Kò kọ omi tí a rẹ nǹkan sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dúró dì í tí yóò fi di ọtí. Ó yin fínígà ní oúnjẹ tí ó dára láti fi jẹ búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ sì ni fínígà kì í di fínígà láìkọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà ọtí kọjá. Àwọn onímímọ̀ nínú ìlànà Imam Málíkì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, gbà pé ọtí tí ó ti yí padà di fínígà ti kúrò nínú èèwọ̀. Ní Indonesia àti Malaysia, níbi tí sọ́ọ̀sì sóyà ti jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ àwọn Mùsùlùmí, àwọn tí ń ṣe ìdájọ́ lórí oúnjẹ ń tẹ òǹtẹ̀ hàlálì lu èyí tí kò sí ohun èèwọ̀ nínú bí a ti ṣe é.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé, mo sì mọ̀ pé onímímọ̀ mìíràn lè rò ó sí ọ̀nà mìíràn. Sọ́ọ̀sì sóyà tí a fi omi, ẹ̀wà sóyà, àlìkámà àti iyọ̀ ṣe, tí ó kan fúnra rẹ̀, ẹ̀tọ́ ni. Èyí tí wọn kò jẹ́ kí ó kan rárá, tí wọ́n fi ásíìdì tú ẹ̀wà rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n sì fi ṣúgà jíjó pa á láró, ẹ̀tọ́ ni òun náà, bí kò tilẹ̀ dùn tó ti àkọ́kọ́. Èyí tí ilé iṣẹ́ bu ọtí sí lẹ́yìn tí ó jinná, kí ó má baà tètè bu, àwọn onímímọ̀ ní àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Èmi kò pe ẹni tí ó lò ó ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi í sílẹ̀, nítorí pé ìgò tí kò ní i wà lórí àtẹ kan náà. A lè mọ ìyàtọ̀ wọn: ọtí tí a bù sí i yóò wà nínú àkọsílẹ̀ èròjà ara ìgò, èyí tí ó ti inú kíkan wá kì í sí níbẹ̀, nítorí pé kì í ṣe èròjà tí ẹnikẹ́ni fi sí i.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi sọ ẹnikẹ́ni di aláìbìkítà. Ewu wà, ṣùgbọ́n ibi tí a ń wò kọ́ ni ó wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà ìrẹran tí àwọn ọmọ wa ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní kí a bu mirin sí i, tàbí sake, tàbí ọtí ìrẹsì ti àwọn ará Ṣáínà. Ọtí gan-an ni àwọn wọ̀nyí. Mirin àtilẹ̀bá a máa ní ọtí tí ó tó ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bí ọtí àjàrà. Àwọn ìgò tí a ti pò tán fún ìrẹran, irú èyí tí wọ́n ń pè ní teriyaki, náà sábà máa ń ní i. Àwọn kan ń wí pé iná yóò gbé ọtí náà lọ. Iná kì í gbé gbogbo rẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fi ń se ẹran, bí ó bá tilẹ̀ sì gbé e lọ, kò tọ́ kí Mùsùlùmí ra ọtí wọ ilé ìdáná rẹ̀. Ẹni tí ó da adìẹ ìyá nù, tí ó sì ń ra teriyaki láìka ìwé ara rẹ̀, ó ń ṣọ́ fèrèsé nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ wá pé kí a máa po èròjà ìrẹran wa fúnra wa. Kò ṣòro, kò gba àkókò, gbogbo ohun tí ó wọ inú rẹ̀ ni a ó sì mọ̀. Bí ìyá ti ń ṣe tirẹ̀ nìyí, ó sì yọ̀ǹda fún mi láti sọ ọ́.

Fún itan adìẹ tí ó tó kílò kan, ẹ wá sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, òróró ṣíbí méjì, oyin ṣíbí kan, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ẹ rin ọmọ ààyù mẹ́ta àti atalẹ̀ tí ó tó oríkèé àtàǹpàkò kan sí i, kí ẹ sì fi ata gígún sí i níwọ̀n tí ilé yín bá lè jẹ. Ẹ má ṣe fi iyọ̀ sí i, ẹ má sì ṣe fi Mágì sí i, nítorí pé iṣẹ́ méjèèjì ni sọ́ọ̀sì sóyà ti ṣe. Ẹ pò ó nínú abọ́ onígíláàsì tàbí oníke, kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹran tútù tó kàn án. Bí ó bá yẹ kí ọtí ìrẹsì wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, omi ṣíbí méjì àti fínígà díẹ̀ pẹ̀lú oyin yóò dí àyè rẹ̀.

Ẹ ti ọ̀bẹ bọ ẹran náà níbi méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ bò ó, kí ẹ sì gbé e sínú firíìjì, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Wákàtí méjì tó fún un. Bí ó bá sùn mọ́jú, kò burú. Ẹja kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, nítorí pé omi ọsàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú un rọ̀ jù. Ẹ yan adìẹ náà nínú ààrò ní ìwọ̀n 200 fún bí ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa yí i, nítorí pé oyin tètè ń jóná. Ó jinná nígbà tí omi tí ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun kò bá pọ́n mọ́. Omi tí a fi rẹ ẹran tútù, ẹ dà á nù, tàbí kí ẹ sè é kí ó hó dáadáa kí ẹ tó fi pa ẹran lára.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ṣe pàtàkì fún wa. Ṣíbí ìjẹun kan nínú sọ́ọ̀sì sóyà ní iyọ̀ tí ó ju gíráàmù méjì lọ, ohun tí àwọn elétò ìlera ilẹ̀ yìí sì ní kí àgbàlagbà má ṣe kọjá lójúmọ́ ni gíráàmù 6. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà jàmáà wa ni ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Ẹran tí a rẹ sínú ṣíbí mẹ́rin, tí ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ jẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n kí a má tún da sọ́ọ̀sì sí i lórí nígbà tí a bá ń jẹ ẹ́. Ìgò tí a dín iyọ̀ rẹ̀ kù wà, ó sì dára. Síbẹ̀, ẹ ka ìwé ara rẹ̀, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ni a ń bu ọtí sí kí wọ́n má baà bàjẹ́ bí iyọ̀ ti dín. Bákan náà, àlìkámà àti sóyà wà lára ohun mẹ́rìnlá tí òfin ilẹ̀ yìí ní kí a máa fi hàn kedere lára oúnjẹ, nítorí àwọn tí kò bá lára mu. Ẹni tí yóò bá gbé oúnjẹ wá sí mọ́sálásí, kí ó kọ ọ́ sí bébà pélébé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ arákùnrin wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ rere ni, ìfẹ́ ẹ̀sìn ni ó sì mú un sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń bẹ̀rù pé kí èèwọ̀ má wọ inú rẹ̀ sàn ju ẹni tí kò bìkítà lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó yẹ kí ó tọ ìyá lọ ní kọ̀rọ̀, kí ó kúnlẹ̀ bí ọmọ, kí ó wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé mo lè rí ìgò tí ẹ lò?" Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó wà nínú hádíìsì tí Imam Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Aisha pé àwọn ènìyàn béèrè nípa ẹran tí àwọn tí ẹ̀sìn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ń gbé wá, tí wọn kò mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun lé e lórí. Ànábì ní kí wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun, kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Èrò rere nípa oúnjẹ Mùsùlùmí ni ìpìlẹ̀. Iyèméjì ni ó nílò ẹ̀rí. Ọlọ́hun sì kìlọ̀ fún wa nínú Súúrà An-Nahl nípa ahọ́n tí ń sọ pé èyí jẹ́ ẹ̀tọ́, èyí jẹ́ èèwọ̀, láìní ìmọ̀. Ìkìlọ̀ náà kan ẹni tí ń sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́, ó sì kan ẹni tí ń sọ ẹ̀tọ́ di èèwọ̀. Ìdajì kejì yìí ni a máa ń gbàgbé, nítorí pé ó ń jọ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun lójú àwọn ènìyàn.

Kí àwẹ̀ tí ń bọ̀ tó wọlé, mo fẹ́ kí a fẹnu kò sí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí irú sọ́ọ̀sì sóyà kan tí ó ní òǹtẹ̀ hàlálì lára, tí gbogbo wa fọkàn tán, máa wà ní ilé ìdáná mọ́sálásí, kí ó sì jẹ́ òun ni a ó máa lò fún oúnjẹ tí gbogbo wa jọ ń jẹ, bí ohunkóhun tilẹ̀ ń bẹ nílé oníkálukú tí kò lòdì sí ẹ̀sìn. Ìkejì, kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè lórí oúnjẹ bi ẹni tí ó sè é ní kọ̀rọ̀, tàbí kí ó bi mí, kí ó má sì kéde. Ìkẹta kan èmi àti àwọn Ààfáà ẹlẹgbẹ́ mi: bí a kò bá mọ nǹkan, kí a sọ pé a kò mọ̀ ọ́n, kí a lọ wádìí rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé inú àpò ìdalẹ̀nù.

Arákùnrin náà ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá, èmi náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ti dárí jì wá, ó sì ń wá sí ìrun Jímọ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò tíì gbé oúnjẹ wá fún wa mọ́. Mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé kí ó jẹ́ kí a tún rí ìkòkò rẹ̀ láàárín wa nínú àwẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó sì fi ìmọ̀ àti ìwà pẹ̀lẹ́ fún àwa tí a ń jẹ nínú rẹ̀. Àmín.